Abẹ̀bẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ọ̀gá Adélaní Ní Kí Wọ́n Má Fọ̀

Ẹ má sáré kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi òwe pa ọmọdé lẹ́nu mọ́.

1.
Lawrence Adélaní, ará Oǹdó, ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama. Ládùúgbò Yaba nínú ìlú Oǹdó ni ilé rẹ̀ wà. Ọdún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí gaàrí di ohun tí à ń fi ṣíbí wọ̀n, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, ló ta ọkọ̀ ojú omi kan fún un láwìn. Ọkọ̀ náà ní aṣọ ìgbòkun, ó sì ní ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ìgbòkun ni yóò gbé e lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá kú, ẹ́ńjìnnì ni.

Inú Ọ̀gá dùn gan-an, nítorí Wúrà. Wúrà nìkan lọmọ tó bí. Ó fẹ́ Fọlárìn, apẹja, abúlé kan létí òkun ni wọ́n ń gbé. Kò sí títì níbẹ̀, kò sí ọsibítù. Oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú Wúrà.

"Ọkọ̀ mi ni yóò gbé ọmọ mi lọ bímọ!" Ohun tí Ọ̀gá ń sọ kiri ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní abúlé Wúrà, sọ́wọ́ Reuben, ọ̀dọ́kùnrin Ìlàjẹ tí wọ́n bí sórí omi.

2.
Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Reuben fi wá sí Oǹdó. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi tiwa níyọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ nínú rẹ̀, ìkarahun wẹ́wẹ́ abẹ̀mí á lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, irin tó ń yí lábẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ ká máa fà á gòkè lóṣooṣù, ká ha á, ká fi gíríìsì kùn ún. Ọkùnrin mẹ́jọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Reuben, ohun tó ń sùn nínú omi, tó ń jí nínú omi, ìwọ fẹ́ wẹ̀ fún un?"

"Sà, omi yẹn kì í ṣe..."

"A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ sanwọ́!"

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Bí àgbà bá ti la òwe mọ́ ọmọdé lórí báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Reuben ní, "Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n, sà," ó sì lọ. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ Ọ̀gá dàgbà. Odò tí òun mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fọ àdá nínú rẹ̀ tí yóò mọ́ tónítóní. Kò mọ ohun tí omi iyọ̀ ń ṣe, kò sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

3.
Epo wọ́n bí ojú. Ọkọ̀ dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta. Wúrà pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù: "Bàbá, Reuben tún ní kí ẹ jẹ́ ká fa ọkọ̀ yẹn gòkè." Ọ̀gá ní, "Mo ti dá a lóhùn."

Nígbà tí oṣù pé, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró ti ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọbí dé, ẹ̀jẹ̀ sì bá a dé. Ìyá agbẹ̀bí ní, "Eléyìí ju agbára mi lọ. Ẹ gbé e lọ ọsibítù Igbókọ̀dá kíákíá!"

Wọ́n tẹ́ Wúrà sínú ọkọ̀, Fọlárìn gbé orí rẹ̀ lé itan. Afẹ́fẹ́ gbé wọn dáadáa dé ìdajì ọ̀nà, ló bá kú. Reuben tan ẹ́ńjìnnì. Ó ń dún, ó ń rú èéfín, ọkọ̀ ń gbọ̀n, kò kúrò níbi tó wà. Reuben pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbi tí ìkarahun ti gé e.

"Sà, wọ́n ti bò ó tán."

Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ́ sómi. Á ha á, á yọrí mí, á tún rì. Ọ̀gá ń fi pákó wa ọkọ̀ bíi wèrè. Nítorí epo tó wọ́n, ọkọ̀ kankan kò kọjá.

"Bàbá, ṣé a ti dé?"

"A ti fẹ́ dé, ọmọ mi."

Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá tún parọ́. Kò bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, abẹ̀bẹ̀ mọ́ díẹ̀, ọkọ̀ gbéra. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n dé Igbókọ̀dá. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn Wúrà, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ́ jù." Ìyá lọ, ọmọ inú rẹ̀ lọ.

4.
Ìyàwó Ọ̀gá, Adéjọkẹ́, ń dúró de ìròyìn ọmọ tuntun ní Oǹdó. Ó ti fọ aṣọ ìtẹ́lédìí, ó ti sá wọn. Ọ̀gá délé, ó sọ fún un pé Wúrà ti kú.

"Kí ló pa ọmọ mi?"

"Ìkarahun ni."

Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Bàbá Wúrà ló ń pè é. Lọ́jọ́ náà, ó pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. "Lawrence, ìkarahun wo ló ń pa èèyàn?"

"Èyí tí mo ní kí wọ́n má fọ̀."

Adéjọkẹ́ lọ ká àwọn aṣọ ìtẹ́lédìí náà lórí okùn, ó dì wọ́n, ó sì gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ ní Ìlárá-Mọ̀kín. Kò padà mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àná. Ohun tó wà lábẹ́ omi tí ojú yín kò tó, ẹ má sọ pé ó mọ́. Ẹ ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé "kò tíì le tó yẹn."

Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.