Ẹẹ́jọ Tí Ọ̀gá Dáadáa Kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, torí ó lè jẹ́ ilé yín ló ń bá wí.

1.
Ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, obìnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń lọ aṣọ. Ọ̀gá Dáadáa ni wọ́n ń pè é, torí bí iná ń jó lórí òrùlé, tí ẹ bá bi í, "dáadáa ni" ló máa sọ. Abẹ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n á fún ara, oorun, ilé, ọ̀rẹ́ àti ọkàn wọn ní máàkì, láti oókan dé ẹẹ́wàá. Ẹni tí ọ̀kan bá kéré nínú tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á pè é, á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ka tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á gbé fọ́tò ọ̀gá wọn kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò Ọ̀gá Dáadáa ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀gá náà sì ń yan fanda.

2.
Lọ́jọ́ Ajé kan, bó ṣe ń gba fọ́ọ̀mù jọ fún nọ́ọ̀sì, ó rí ti àbúrò rẹ̀. Ilé, ẹẹ́wàá. Ọ̀rẹ́, ẹẹ́wàá. Ọkàn, ẹẹ́sàn-án. Oorun, eéje. Ara, eéjì.

"Eéjì kẹ̀? Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí ń fọ́ mi láti ìjẹta. Ọwọ́ ọ̀tún mi sì máa ń kú tí mo bá ń lọ aṣọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n náà. Àmọ́ fọ́tò ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀, kó lo oògùn orí fífọ́, pé ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò tó báyìí, kí ló ń wá lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì? Nígbà tí àbúrò lọ tán, ó mú fọ́ọ̀mù tuntun, ó da gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì fún ara ní ẹẹ́jọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ń retí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ò pè é. Ó rò pé wọ́n ti rí ohun tí òun kọ, wọ́n sì mọ̀ pé kò le.

3.
Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ àbúrò. Kí wọ́n tó yíjú, òun náà ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì kó àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ bá dókítà nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé àbúrò lọ. Ó ní, "Ẹẹ́jọ ló ń kọ fún ara. Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ọ̀gá Dáadáa gbọ́ ọ, ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀.

Àbúrò ò lè sọ̀rọ̀ báyìí. Dókítà ní ohùn rẹ̀ ṣì lè padà. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà, tó ń bẹ Ọlọ́run kí àbúrò òun sọ̀rọ̀. Bí ètè yẹn bá sì ti mì pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù á bà á dé egungun, á tún máa bẹ Ọlọ́run kó má tíì sọ pé eéjì ni òun kọ.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ ṣọ́ra o. Ilé tó tòrò ò ní kí ara má ṣàìsàn, ọ̀rẹ́ tó pọ̀ ò ní kí ọkàn má dàrú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yẹ̀ wò. Tí èèyàn yín bá sì sọ pé nǹkan ń ṣe òun, ẹ má torí ìyìn sọ ọ́ di dáadáa. Ẹ gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́.