Iná Ilé Kòkó

Inú Ṣówándé ayafọ́tò kì í pẹ́ ru. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀, tó ti ṣófo, tí wọ́n sì fẹ́ wó lọ́la, ló ń yà léraléra, kó lè fi àwọn fọ́tò náà ṣe fídíò bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ, òun náà ń la ojú kámẹ́rà sí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé tó, kí fídíò má baà máa ṣẹ́jú. Àmọ́ bó bá ti là á tán, iná á tàn gbòà lójú fèrèsé ilé náà, fọ́tò á funfun báláú, iná á sì tún kú.

"Ìbídùn, ṣé o ti ya wèrè ni? Pa tọ́ọ̀ṣì yẹn!"

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ̀yìn yín ni mo wà," ni ìyàwó ẹ̀ dáhùn.

Ìbínú ò jẹ́ kó bẹ̀rù. Ó jágbe mọ́ ilé náà: "Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ mi lò ń bà jẹ́! Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa ṣe é!"

Kámẹ́rà dún kẹ́. Iná yọ lójú fèrèsé, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Kámẹ́rà tún dún, iná náà fẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe wí gan-an.