Kókó Aràrá ti Lágúnjú

Lónìí ni àwọn ọ̀gá àgbẹ̀ ti Ìbàdàn dé sí Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, wá wo kókó aràrá tí Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú dá sílẹ̀ fún ẹwà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà á, orúkọ Lágúnjú ni kókó náà yóò máa jẹ́ títí ayé.

Lágúnjú wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ọdún tí a gba òmìnira ni mo gbìn ín. Ọdún kẹrin rèé, kò ga ju orúnkún mi lọ! Ọpọlọ ló ṣe é, kì í ṣe ọkọ́!”

Àwọn àlejò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń wolẹ̀.

Ìyá Lágúnjú ti oko gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ru igbá, kò rí àwọn àlejò.

“Àníkẹ́, ìyàwó mi, mo tún mú ọmọ kókó mìíràn wá o. Mẹ́ta ni ewúrẹ́ yín ti jẹ! Ẹ kúkú so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀ kí ọkọ rẹ tó mọ̀.”