Ẹni Tó Ń Lọ́ra ní Ìfọ́n

Boniface ló ń tẹ wáyà ní pósófíìsì Ọ̀wọ̀. Ará Ìkàrẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Jọ́ọ̀sì, lẹ́tà ọmọ náà kì í sì í tètè dé. Yàrá kan ló gbà lọ́nà Ùsọ: àga kan, ìkòkò kan, àwo kan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti ń jókòó ti irin wáyà. Irin yẹn kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Kíkàn ló ń kàn, kúkúrú àti gígùn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bó bá ti ń kàn, Boniface á fi ìka òsì lé e, á máa fi ọ̀tún kọ̀wé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹni tó wà nídìí wáyà ní Ìfọ́n ni ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ọlámúyìwá lorúkọ rẹ̀. Wọn kò rí ara wọn rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Nígbà tó yá, Ọlámúyìwá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, á dákẹ́. Bí Boniface kò bá tíì tẹ irin lẹ́ẹ̀mejì pé òun ti gbà á, kò ní fi òmíràn ránṣẹ́. Boniface náà wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, torí ó rò pé ẹni tí kò lè yára sọ ọ́ kò ní lè yára gbọ́ ọ. Bí ẹni méjì bá jọ ń rìn, tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba, ẹni tó yára ló ń dúró. Ọ̀rọ̀ kan, ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ kan, ìdáhùn.

Nírọ̀lẹ́, kó tó ti ilẹ̀kùn, á tẹ̀ ẹ́ sí Ìfọ́n pé, "Ó dàárọ̀ o, ọ̀rẹ́." Tẹ́lẹ̀, "Ó dàárọ̀, ará Ìkàrẹ́" ni Ìfọ́n máa ń dá a lóhùn. Láti ọdún 1951, ó di "Ó dàárọ̀, sà." Boniface ní ọjọ́ orí ti ń sọ ọ̀rẹ́ òun di oníwà pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn á lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò tún bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Sàlímọ́tù ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà pósófíìsì. Lọ́jọ́ kan ó sáré tẹ̀ lé Boniface, ó fà á láṣọ.

"Bàbá oníwáyà! Mo kí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọjá bí ìjòyè. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ lẹ ń sọ̀rọ̀ sínú àyà," Boniface ní. "Ẹ lanu, ìyá Fàúsátù."

"Ẹ gbà mí! Mo la ẹnu débi pé eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọ̀ ọ́!"

Ní 1956, ìwé dé láti Ìbàdàn pé òyìnbó kan ń bọ̀ wá wo gbogbo ìdí wáyà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, ilé ni. Boniface kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá lé Ọlámúyìwá, ta ni yóò máa dá òun lóhùn nírọ̀lẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òyìnbó ń bọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí Ìfọ́n: "Òní ni. Má fòyà. Màá rọra."

Ìfọ́n dáhùn: "Ẹ̀yin náà, ẹ má fòyà, sà. Èmi náà á rọra."

Òyìnbó jókòó tì í, ó di aago mú. Ìfọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Boniface ń kọ ọ́, kò ṣi ẹyọ kan. Àkókò ń lọ. Òyìnbó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, Boniface sì yọjú kà á: Ìfọ́n ń lọ́ra jù.

"Sà, wáyà ni, sà," ó ní. "Òjò ti ba wáyà jẹ́ nínú igbó. Ọkùnrin yẹn kò lẹ́bi."

Òyìnbó wò ó. Ó wo irin, ó wo ìka tó wà lórí irin. Ó fa ìlà lórí ohun tó kọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lọ, Boniface ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Yẹ́sà. Yẹ́sà."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fún Boniface níwèé ìfẹ̀yìntì. Kò sọ fún Ìfọ́n, ó fẹ́ yọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójijì. Ó ra aago áláàmù tuntun, ó fi bébà wé e, ẹ̀bùn fún ẹni tó ń lọ́ra. Lọ́jọ́ Ajé ó wọ lọ́rì.

Ọkùnrin kan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló bá nídìí wáyà ní Ìfọ́n. Irin ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bìní ló ń pè. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ó ń fi òsì ju ẹ̀pà sẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́," Boniface ní. "Ọlámúyìwá ni mo wá kí."

Ọkùnrin náà wí nǹkan, kò gbójú sókè.

"Ẹ lanu, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó pariwo. "Ó ti kú kí n tó dé ibí o, bàbá! Mi ò mọ̀ ọ́n! Ìwé rẹ̀ nìkan ló kù, ìyẹn!" Ó fẹnu júwe ògiri, ó padà sídìí Bìní.

Ìwé tó wà lára ògiri náà ti pọ́n, ẹni mẹ́ta ti fọwọ́ sí i tẹ̀ lé ara wọn nísàlẹ̀, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ ni pé: "Ìwọ tó gba àga yìí lọ́wọ́ mi, etí Boniface ní Ọ̀wọ̀ ti di, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, dúró dè é kó dáhùn, kí o tó fi òmíràn sí i, má jẹ́ kí òyìnbó mọ̀, má jẹ́ kí òun náà mọ̀, má sì gbàgbé láti kí i pé ó dàárọ̀. Èmi Ọlámúyìwá, 1951."