Ìdérí Tó Mọ Ẹnu Kan Ṣoṣo

Rélùwéè ti ń fọn fèrè nígbà tí Mopélọ́lá gbé ife tíì fún ìyá ọkọ rẹ̀. Mopélọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe ìdérí ife náà: ẹnu tó bá kọ́kọ́ kàn án nìkan ló máa ń ṣí fún, kí àìsàn má baà ràn. Ẹni tí ife rẹ̀ kò bá ní irú ìdérí yìí kò gbọdọ̀ wọkọ̀.

“Tọ́ ọ wò kí n rí i,” ni Màmá wí.

Kí Mopélọ́lá tó rántí, ó ti tọ́ ọ wò. Ìdérí dún káú.

Màmá gbé e sẹ́nu. Kò ṣí.

“Kí lo fi sínú rẹ̀ tí o fi tì í mọ́ mi?”

Mopélọ́lá fi eyín fa ìdérí náà já, ó mu ìdajì, ó na ìyókù sí i.

Màmá mu ún tán. Rélùwéè sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì síta.