Mọ́tò Tí Gbayì Fi Ta Ẹgbẹ́ Aláàánú Lọ́rẹ

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Iṣẹ́ igi ló ń ṣe, àga ìjókòó tí wọ́n ń fi awọ bò sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nítorí bó ṣe máa ń wá iyì kiri, àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Gbayì, òun náà sì gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bó bá fún ẹnì kan ní ìṣó kan péré, gbogbo òpópónà ni yóò gbọ́.

Gbayì ní mọ́tò kan tó ti gbó. Irin ilẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti lu, débi pé bí òjò bá rọ̀, omi ojú títì a máa ta sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ọmọ náà sínú rẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì wò ó títí, ó ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Gbayì gbọ́ pé ilé ìwòsàn ń wá ẹni tí yóò ṣe àga sí gbọ̀ngàn tuntun wọn. Ó tún gbọ́ pé dókítà àgbà tí yóò yan oníṣẹ́ náà wà nínú ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń gbé àwọn arúgbó lọ gba ìtọ́jú, àti pé mọ́tò ẹgbẹ́ náà ti dẹnu kọlẹ̀. Gbayì rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run kì í sùn.

Oníṣẹ́ igi kì í wá pátákó tì. Ó ṣa àjákù tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi dí ihò ilẹ̀ mọ́tò náà. Ó fi awọ àga bò ó, ó wá kan ìṣó wẹ́wẹ́ yí i ká bí ẹni ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ó yọ bátìrì tuntun tó wà nínú rẹ̀, ó fi èyí tó ń kú lọ rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Bàbá ọmọ mi, ohun tí a ò lè gbé ọmọ tiwa sí, ṣé ìyá ẹlòmíì ló yẹ ká gbé sínú ẹ̀?"

"Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀," ni Gbayì dá a lóhùn, "ṣé òun ló máa ní mọ́tò ò dáa?"

Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: Ẹ̀bùn Gbayì Onígi, Ẹlẹ́yinjú Àánú. Lọ́jọ́ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ ń dun àwọn àgbà. Ó ní òun ti yẹ mọ́tò náà wò láti òkè délẹ̀, pé bí ẹni ń fa ọmọ fún ọkọ ló rí lára òun. Ìyá alága ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Kò pẹ́ tí mọ́tò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà. Àwọn arúgbó á jókòó sí etí títì, àwọn èrò á máa ti mọ́tò náà tòun torúkọ Gbayì lọ. Wọn ò bú u o. Àdúrà ni wọ́n ń gbà, pé kí Ọlọ́run ṣe é lóore gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe wọ́n lóore. Nígbà tí Gbayì gbọ́, ó ṣe àmín.

Ọjọ́ tí yóò fi àpẹẹrẹ àga han dókítà àgbà pé. Ó gbé e sí ọ́fíìsì dókítà, ó ní ojúlówó igi ló wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n fi ti mọ́tò náà wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tó ti ń retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀ tipẹ́. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, pátákó ya lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún.

Dókítà sáré jáde, Gbayì tẹ̀ lé e. Wọ́n fa ìyá náà yọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀. Ó kọjú sí Gbayì láìmọ ẹni tó jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ olóore tó fún wa ní mọ́tò yìí. Mo ti fẹsẹ̀ bà á jẹ́. Ojú mi ni ò ríran."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó mú pátákó tó ya náà, ó gbé e wọlé, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ àga. Awọ kan náà ni. Ìṣó kan náà ni. Ó ní kí wọ́n mú abẹ wá.

"Onígi, ẹ tú àga yìí ká wo inú ẹ̀."

"Háà, dókítà, àga tuntun?"

"Ẹsẹ̀ ìyá yẹn ńkọ́, ṣé àlòkù ni?"

Wọ́n tú u. Àjákù ló to ara wọn jọ nínú rẹ̀. Òmíràn ṣì ní ọ̀dà ilẹ̀kùn ògbólógbòó lára. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Orí ara rẹ̀ ni Gbayì fi ru àga náà jáde lójú gbogbo aláìsàn.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ ìyá náà síwájú títí egbò rẹ̀ yóò fi jinná. Gbayì lọ bẹ ìyá alága pé kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ lára mọ́tò. Ìyá ní ó tì o, a kì í pa orúkọ olóore rẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra àga lọ́wọ́ Gbayì á ní kó kọ́kọ́ fa awọ rẹ̀ ya. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ gba iṣẹ́ ojúmọ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ igi tí ilé ìwòsàn yàn. Àga gbọ̀ngàn náà ló ń fi pépà fá kó lè dán, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá fá a tán, ọ̀gá rẹ̀ á wá yẹ̀ ẹ́ wò, á sì ní kó dìde níbẹ̀ kí ẹlòmíì wá fi awọ bò ó.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀bùn kì í ṣe ààtàn tí a ń da ohun tó sú wa sí. Bí a ò bá ní èyí tó dáa, ká sọ pé a ò ní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ohun tí a fẹ́ fún èèyàn bá lábùkù, ká sọ ọ́ fún un kó tó gbà á, nítorí ẹni tí a ṣe lóore kì í yẹ abẹ́ oore wò. Yóò kàn gbé ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni, yóò sì máa dúpẹ́ lọ.