Ìlù Ẹnu Àna

Kò sí ohun tó ń rí Onílù-Bọ́tìnnì lára tó bàbá ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé ẹ̀rọ kékeré kan tó kún fún bọ́tìnnì ló fi ń ṣe ìlù fún àwọn olórin, kò sì ní ìlù gidi kan ṣoṣo nílé. Ẹsẹ̀ ríro ló gbé bàbá náà wá bá wọn, ó ní òun fẹ́ sún mọ́ ọmọ òun.

Kí oúnjẹ tó délẹ̀ ni bàbá á ti yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, á jù ú sínú ife omi lójú fèrèsé, torí ó ń gé e lérìgì. Á wá máa ki búrẹ́dì bọ inú tíì títí á fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, omi rẹ̀ á sì máa ro tótó sí i láyà. Èébì a máa gbé Onílù-Bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn fi oúnjẹ sílẹ̀ rí. Òun ni baálé, òun ni wọ́n ń bu ẹran eléegun fún, a sì jẹ ẹ́ dé mùdùnmúdùn.

Ìró ẹnu nídìí oúnjẹ ló burú jù. Ìyàwó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ bí abọ́ bá ti kan tábìlì báyìí, á dìde lọ yí rédíò sókè. Bàbá fúnra rẹ̀ kì í gbójú sókè. Nígbà mìíràn á ti ife tíì sẹ́yìn láìtíì mu ún dé ìdajì, á sì máa bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa jẹun ní yàrá òun. Ọmọ kọ̀, ó ní àwọn èèyàn á sọ pé àwọn lé bàbá kúrò nídìí oúnjẹ. Onílù-Bọ́tìnnì á ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ṣebí ó mọ ìwà ọwọ́ ara rẹ̀, àgbàlagbà tí ń jẹun bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ó ní kí wọ́n máa gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Òkè àjà kẹta ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń gbé, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga. Bí bàbá bá gòkè yẹn lọ, ó lè má tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ìyàwó sunkún, sunkún, nígbà tó yá ó nu ojú.

“Ẹ jẹ́ kí n fetí ara mi gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́,” ó ní. “Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, èmi náà ni n ó kó ẹrù Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọkọ rẹ̀ nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tan fóònù rẹ̀ pé kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹran rẹ̀, ó bẹ ìyàwó pé kó fi rédíò sílẹ̀ lónìí, ó sì jẹun tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Nígbà tó wọ yàrá iṣẹ́, ó da ohùn náà sínú ẹ̀rọ, ó ki íápíìsì bọ etí, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ẹnu inú ohùn náà ń fà á ṣùrù, ó ń jẹ ẹ́ ṣàpà-ṣàpà, itọ́ ń yí kiri bí omi inú kòtò. Lẹ́yìn náà nǹkan kan á ta kàù. Ó ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó ni, ó sì tutọ́ sínú aṣọ ìnujú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó gé ìró náà wẹ́wẹ́, ó pín in sábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, ó ní òun á fi ìlù sí i lábẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun ò gbọ́.

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó ń fi ojú ẹni rí màbo ni kí ohùn àti ìlù máa sáré bákan náà. Tí ohùn bá yá jù, tí a dín eré rẹ̀ kù, á ki bí igbe màlúù. Tó bá falẹ̀, tí a mú un yá sí i, á dà bí òròmọdìẹ. Onílù-Bọ́tìnnì sì rèé, ìwọ̀n eré kan ṣoṣo ló mọ̀. Àwọn olórin a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó ṣe ń lùlù ló ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fọ eyín. Ó ti múra láti bá a jà títí di ìrọ̀lẹ́.

Kò bá a jà rárá. Ó tẹ ìlù, ó tẹ ìró ẹnu lé e, wọ́n bọ́ síra wọn wẹ́kú. Ṣùrù bọ́ sórí ìlù ńlá, kàù bọ́ sórí ìró àtẹ́wọ́, kò yí nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, lẹ́yìn náà ìríra mú un ju tàtẹ̀yìnwá lọ, pé irú ẹ̀gbin báyìí lè mọ ìlù òun tó bẹ́ẹ̀.

Ó pe ìyàwó wọlé, ó sì tan ohùn náà sókè.

Ìyàwó gbọ́ díẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, kò gbójú kúrò. Onílù-Bọ́tìnnì rò pé ìtìjú bàbá rẹ̀ ni. Àfi bí ọ̀pá ṣe ń ró kọ́-kọ́-kọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí bàbá fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Onílù-Bọ́tìnnì kò pa ẹ̀rọ náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kí bàbá gbọ́ ara rẹ̀ lónìí, ó sì tún fi kún ohùn náà.

Bàbá fi etí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ ọmọ rẹ̀ léjìká.

“Ó tó, àna mi, pa á, mo ti forí jì ọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ìyàwó rẹ pé lọ́jọ́ tí o bá fetí ara rẹ gbọ́ bí o ṣe ń jẹun, o ò ní dúró kí ẹnikẹ́ni tó ní kí o wá bẹ̀ wá.”